Ọmọ mi ní nephrotic, wọ́n tún ní tairọ́ìdì ẹ̀ ti lọlẹ̀, ṣé òótọ́ ni pé títí ayé ni á máa lo oògùn?

ÌyáFìkáyọ̀

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o, orí mi ti gbóná. Ọmọ mi ọkùnrin, á pé ọdún márùn-ún lóṣù kejì, nephrotic syndrome, àìsàn kíndìnrín kan, ló ń bá a fínra láti ọdún tó kọjá, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹ̀ ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, ojú á wú débi pé kò ní lè là á láàárọ̀, ikùn á ga, ẹsẹ̀ á wú, ìtọ̀ á máa hó. Wọ́n fún un ní prednisolone nígbà àkọ́kọ́, ó gbọ́ oògùn, gbogbo wíwú yẹn lọ, a dúpẹ́. Àfi bí ọ̀fìnkìn kan ṣe mú un báyìí tí gbogbo ẹ̀ tún padà, protein inú ìtọ̀ ẹ̀ tún ti di 4+.

Dókítà tuntun tó rí i ní kílíníìkì wá ní ká ṣe tẹ́sìtì tairọ́ìdì mọ́ ọn torí ó ní ọmọ náà ò ga tó bó ṣe yẹ kó ga àti pé oorun ẹ̀ ti pọ̀ jù. Èsì tó jáde rèé: total T4 48, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó yẹ kó tó 75 ó kéré tán, TSH 7.8, albumin 16. Ẹni tó fún mi ní èsì ní láàbù aládàáni tá a ti ṣe é kàn wò mí lójú ó ní "mádáàmù, tairọ́ìdì ọmọ yìí ti kú o, oògùn títí ayé ni". Ó kù díẹ̀ kí n ṣubú síbẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ní gẹ̀gẹ̀ ni, pé ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn náà ní in, wọ́n ti ní kí ẹnìkan bá àwọn gba àgbo wá láti Ìsẹ́yìn. Ọjọ́bọ̀ la tó máa rí dókítà padà. Ṣé ẹnìkan ti rí irú èyí rí? Kí ló kan tairọ́ìdì kan kíndìnrín? Ọrùn ẹ̀ ò wú o, mo ti fọwọ́ kàn án kàn án.

BàbáṢẹ́yẹ

Ìyá Fìkáyọ̀ ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Tiwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ara ẹ̀ kún fómi, T4 wálẹ̀ gan-an, nígbà tí ìtọ̀ mọ́ tán wọ́n tún un ṣe ó sì ti padà sípò, kò lo oògùn tairọ́ìdì kankan. Àmọ́ ti ọmọ kan kì í ṣe ti èkejì, ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì Àkẹ́ dà? Ẹ bá wa pè wọ́n.

Nọ́ọ̀sìÀkẹ́

Mo ti dé o. Ìyá Fìkáyọ̀ ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ọlọ́run á fún un lálàáfíà. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi bẹ màmá pé kí wọ́n fi àgbo yẹn sílẹ̀ ná. Kíndìnrín tó ti ń jò ò nílò ohun tá ò mọ nǹkan tó wà nínú ẹ̀.

Ó dáa. Tairọ́ìdì tó wà níwájú ọ̀fun wa yẹn ló ń ṣe họ́mọ̀nù T4 àti T3, òun lara fi ń dàgbà, òun ló ń jẹ́ kí ara móoru, òun lọpọlọ ọmọ kékeré fi ń gbó. Họ́mọ̀nù yìí kì í dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀ o, protein ló ń rù ú kiri bí alábàárù ṣe ń ru ẹrù oníbàárà ní ọjà Bódìjà. TBG ni wọ́n ń pe ọ̀gá nínú àwọn alábàárù yẹn, albumin náà ń rù díẹ̀, transthyretin náà ń rù díẹ̀. Nínú gbogbo T4 tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó lé ní 99 nínú 100 tó wà lórí àwọn wọ̀nyí. Èyí tó ku, tí kò sí lórí ẹnikẹ́ni, ló ń wọ inú ara lọ ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n ń pè ní free T4.

Nephrotic wá dé, ibi tí kíndìnrín ti ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ wá ń jò, protein tó yẹ kó dá dúró ń bá ìtọ̀ lọ. Alábàárù àti ẹrù orí ẹ̀ jọ ń lọ sínú póò. Torí náà tí wọ́n bá ka gbogbo T4 inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó gbọ́dọ̀ kéré! Tairọ́ìdì ò kú, ó ń ṣe é, ó ń sọnù ni. Albumin 16 yẹn gan-an ti jẹ́ ká mọ bí protein ṣe ń dà jáde tó, torí ó yẹ kó lé ní 35.

TSH ńkọ́. Abẹ́ ọpọlọ ni TSH ti ń wá, òun ni wọ́n fi ń ti tairọ́ìdì pé "ṣe kún un, ṣe kún un". 7.8 ti ga díẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ara ti rí i pé nǹkan ń dín. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí tairọ́ìdì wọn dára á kàn ṣe kún un bẹ́ẹ̀, free T4 wọn ò ní yẹ̀. Àwọn tó máa ń ṣòro fún ni àwọn tí prednisolone ò ràn, tí protein ń dà lára wọn lóṣooṣù tí kò dáwọ́ dúró, àti àwọn ọmọ ọwọ́.

Nítorí náà free T4 ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́jọ́bọ̀, ẹ ní "dókítà, ṣé a lè ṣe free T4 kún un?" Tó bá dára tí TSH ò sì tíì dé 10, ọ̀pọ̀ dókítà á ní ká máa ṣọ́ ọ, ká kọ́kọ́ lé protein kúrò nínú ìtọ̀, ká tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìtọ̀ bá ti mọ́. Tí free T4 bá wálẹ̀ tàbí TSH ń gun òkè kọjá 10, wọ́n lè fún un ní levothyroxine, T4 tí wọ́n ṣe ní oògùn, ìyẹn náà ò sọ pé títí ayé ni, bí kíndìnrín bá ti gbádùn wọ́n á dín in kù, wọ́n á tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n á dá a dúró.

Mo gbóríyìn fún dókítà tuntun yẹn ṣá, torí ọ̀pọ̀ ni kò ní rántí tairọ́ìdì. Ojú wíwú, oorun, ìgbẹ́ líle, ọmọ tí kò ga, cholesterol tó ga, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ni nephrotic tàbí prednisolone lè fà, gbogbo ẹ̀ náà sì ni tairọ́ìdì tó lọlẹ̀ lè fà. A ò lè fojú lásán mọ̀ ọ́n.

ÀṣírííEwé_Original

Ẹ má jẹ́ kí àwọn onílé ìwòsàn dẹ́rù bà yín, oògùn òyìnbó ló ń ba kíndìnrín jẹ́. Mo ní kápúsù ewéko òkun, ayodíìnì pọ̀ nínú ẹ̀, ó ń wo gẹ̀gẹ̀ ó sì ń fọ kíndìnrín mọ́ fọ́fọ́. Ẹ pàdé mi ní inbox.

Káyọ̀dé_Láàbù

@ÀṣírííEwé ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa ọmọ ọlọ́mọ fún wa. Ayodíìnì tó bá pọ̀ jù fúnra ẹ̀ máa ń dá tairọ́ìdì dúró, kò ní ṣe họ́mọ̀nù mọ́, kíndìnrín ló sì yẹ kó fi ìtọ̀ lé àpọ̀jù náà jáde, ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ti rẹ̀ á kàn máa kó o jọ sára ni. Ó tiẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń ṣe dialysis, ìyẹn fífọ ẹ̀jẹ̀ dípò kíndìnrín, láti inú ikùn, ayodíìnì inú oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń lò sójú ọ̀nà páìpù lásán ló ń wọlé tí tairọ́ìdì wọn fi lọlẹ̀, kí ẹ wá lọ gbé kápúsù rẹpẹtẹ fún ọmọ. Òótọ́ ni pé ọmọ nephrotic máa ń tọ ayodíìnì dànù díẹ̀, ṣùgbọ́n ayodíìnì ti wà nínú iyọ̀ tí à ń rà lọ́jà, ó wà nínú ẹja òkun, ó wà nínú ẹyin, ó tó. Ẹ má sì torí ìyẹn bu iyọ̀ sí oúnjẹ Fìkáyọ̀ o, ara tó wú ò fẹ́ iyọ̀.

Ìyá Fìkáyọ̀, láàbù ni mo ń ṣe, inú bí mi sí ẹni tó sọ "ti kú" yẹn fún yín. Iṣẹ́ wa ni ká fún yín ní nọ́ńbà, kì í ṣe ká dájọ́. Nǹkan díẹ̀ tí mo fẹ́ fi kún ti Nọ́ọ̀sì: tí albumin bá lọlẹ̀ tó báyìí, ẹ̀rọ mìíràn wà tí free T4 ẹ̀ gan-an lè má péye, torí ẹ̀ la ṣe máa ń ka TSH mọ́ ọn, ọ̀kan ò tó. Láàbù kan náà ni kẹ́ ẹ máa lò tẹ́ ẹ bá ń tún un ṣe torí ẹ̀rọ yàtọ̀ síra. Ẹ wò ó bóyá òṣùwọ̀n ọmọdé ni wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì yẹn àbí ti àgbàlagbà. Tó bá sì ń lo fítámì tó ní biotin, èyí tí wọ́n máa ń sọ pé ó wà fún irun àti èékánná, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, ó máa ń da èsì rú. Prednisolone náà máa ń tẹ TSH mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ó wà lórí ẹ̀.

ÌyáIbejì_Peckham

Mo rí "ọmọ ọwọ́" tí Nọ́ọ̀sì kọ yẹn mo ní kí n sọ tèmi. London là ń gbé, ọmọ mi obìnrin kan nínú àwọn ìbejì ni wọ́n bí tòun ti nephrotic, èyí tó ń wá látinú jíìnì, congenital ni wọ́n ń pè é, Finland ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí kì í dé. Kò tíì pé ọmọ oṣù mẹ́ta tí wíwú fi bẹ̀rẹ̀. Protein tó ń dà jáde lára àwọn yẹn kọjá sísọ, albumin la máa ń lọ gbà láti inú iṣan, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ nígbà mìíràn.

Níbí wọ́n máa ń gún gbogbo ọmọ tuntun lẹ́sẹ̀ ní bí ọjọ́ karùn-ún láti wo tairọ́ìdì, tiẹ̀ ò fi nǹkankan hàn nígbà yẹn. Ìgbà tí protein wá ń jáde báyìí ni TSH gbéra. Wọn ò bá wa ṣe "ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ ọ" kankan o, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ levothyroxine. Consultant ẹ̀ ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ọpọlọ ẹ̀ ṣì ń dàgbà, tí họ́mọ̀nù yẹn bá wọ́n án níbẹ̀, ohun tó bá lọ kì í padà wá mọ́. Nítorí náà ẹ̀yin tí tiyín jẹ́ ọmọ ọwọ́, ẹ má gbára lé ọ̀rọ̀ Bàbá Ṣẹ́yẹ, pé yóò padà sípò fúnra ẹ̀. Mo bẹ̀ yín sà, mi ò bú yín o.

Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí, ẹnu ẹ̀ ò sì dákẹ́, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì.

BàbáṢẹ́yẹ

Kò sí wàhálà ìyá ìbejì, òótọ́ lẹ sọ. Tiwa ti pé ọdún méje nígbà yẹn.

Olówó_Orí_Akúrẹ́

Ẹ dákun mo fẹ́ béèrè ìbéèrè níbí dípò kí n ṣí tuntun. Tiwa kì í ṣe nephrotic, ọ̀nà ìtọ̀ ẹ̀ ló dí látinú oyún wá, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un àmọ́ kíndìnrín ti bàjẹ́ díẹ̀, CKD, àìsàn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́, ni wọ́n ń pè é. Wọ́n yẹ tairọ́ìdì ẹ̀ wò, T3 kéré, T4 àti TSH wà bó ṣe yẹ, dókítà ní kò nílò oògùn. Ṣé kò fi nǹkan pamọ́ fún wa báyìí?

Nọ́ọ̀sìÀkẹ́

Kò fi nǹkankan pamọ́ sà. T4 ni tairọ́ìdì ń ṣe jù, ara ló ń sọ ọ́ di T3 tó ń lò. Tí àìsàn bá ti pẹ́ lára, kíndìnrín o, ẹ̀dọ̀ o, ara á dín T4 tó ń sọ di T3 kù, ó ń ṣún agbára lò ni. Tí TSH ò bá ti ga, tairọ́ìdì ò ní ẹ̀sùn, wọn kì í fi họ́mọ̀nù kún un. Ibi tí àárẹ̀ ti wá ni wọ́n máa ń tọ́jú, oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ tó kéré, ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò látìgbàdégbà, torí tairọ́ìdì tó lọlẹ̀ lóòótọ́ máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ kíndìnrín dín kù sí i, creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ kíndìnrín, á ga, èèyàn á rò pé kíndìnrín ló ń lọ, tí wọ́n bá sì wo tairọ́ìdì yẹn creatinine á tún wálẹ̀ díẹ̀.

Àìsàn kan tún wà tó ṣọ̀wọ́n, cystinosis, ohun kan tó ń jẹ́ cystine á máa di òkúta wínníwínní sínú kíndìnrín, á tún lọ jókòó sínú tairọ́ìdì, àwọn yẹn ni tairọ́ìdì wọn máa ń bàjẹ́ gan-an tó bá yá, tí oògùn wọn sì lè jẹ́ ti títí ayé. Mo kàn dárúkọ ẹ̀ ni, kì í ṣe tiyín.

ÀgbàỌ̀jẹ̀_Mọ́kọ́lá

Gbogbo nephrotic yìí ibà ló ń fà á, àwọn bàbá wa ní UCH ti sọ ọ́ tipẹ́. Ẹ lo oògùn ibà fún ọmọ yẹn dáadáa.

Nọ́ọ̀sìÀkẹ́

Bàbá, ẹ kúuṣẹ́ ìrántí, ìtàn yẹn wà lóòótọ́. Dókítà méjì, Hendrickse àti Gilles, ló tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1963, lórí àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́jú n'Íbàdàn, pé Plasmodium malariae, irú ibà kan tí kì í ṣe èyí tó wọ́pọ̀ jù, wà lára ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ nephrotic nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn náà lo oògùn ibà fún wọn, kò wo kíndìnrín náà sàn. Nǹkan sì ti yí padà, ọ̀pọ̀ ọmọ tí à ń rí báyìí prednisolone ń ràn wọ́n, ti ìgbà yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Tí ibà bá wà lára ọmọ ẹ tọ́jú ibà, ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ tairọ́ìdì yìí.

ÌyáFìkáyọ̀

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún bàbá ẹ̀, a tiẹ̀ ka ti alábàárù yẹn fún màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti yé àwọn, pé kí wọ́n má gba àgbo náà wá mọ́, pé wọ́n kàn fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni.

A ti rí dókítà. Free T4 wálẹ̀ díẹ̀, wọ́n tún TSH ṣe ó ti di 11, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí protein ò tíì lọ kí a bẹ̀rẹ̀ levothyroxine kékeré, a ó tún ẹ̀jẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Dókítà náà sọ ọ́ pé òun ò rò pé títí ayé ni. Ìṣòro mi báyìí, oògùn ti pọ̀: prednisolone, kálísíọ̀mù, furosemide, èyí tó ń dá omi inú jáde, àti tuntun yìí. Dókítà sọ bí a ṣe máa lò ó ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lẹ́yìn wa, mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ṣé mo lè lọ gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú ògì ẹ̀ láàárọ̀? Kì í fẹ́ gbé oògùn mì.

Olóògùn_Òṣogbo

Háà, rárá o mà, ẹ má lọ wọ́n pọ̀! Levothyroxine kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́ nínú ikùn. Kálísíọ̀mù á dì í mú nínú ìfun, kò ní wọnú ẹ̀jẹ̀. Áyọ́ọ̀nù, oògùn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ kún ara, náà bẹ́ẹ̀, mílíìkì sóyà náà bẹ́ẹ̀, oògùn tí wọ́n fi ń dá phosphate dúró fún àwọn CKD náà bẹ́ẹ̀. Èmi ti rí ẹni tí TSH ẹ̀ kọ̀ tí kò wálẹ̀, tí wọ́n ń fi oògùn kún oògùn, tó jẹ́ pé kálísíọ̀mù lọ́mọ náà ń gbé mì mọ́ ọn láràárọ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Tó bá jí ní bí aago mẹ́fà, kó tó fẹnu kan nǹkankan, levothyroxine nìkan. Ẹ fi ṣíbí méjì lọ̀ ọ́ kúná, ẹ bu omi tútù díẹ̀ sí i, bí ẹnu ṣíbí tíì kan, ẹ fún un lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún da omi díẹ̀ sí ṣíbí yẹn kó mu ún torí ìyókù máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má lọ ti ọjọ́ kejì pa mọ́, kì í pẹ́ bàjẹ́ tó bá ti bá omi pàdé. Ó tún kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wákàtí kan dáa jù, kó tó mu ògì. Prednisolone ní tiẹ̀ oúnjẹ ló fẹ́, òun lẹ máa fi tẹ̀lé ògì kó má baà ta á níkùn. Furosemide lè wọlé láàárọ̀ náà, kó má lọ máa tọ̀ lóru. Kálísíọ̀mù, ó di ọ̀sán tàbí alẹ́, ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí levothyroxine tó wákàtí mẹ́rin.

Tó bá bì í láìpẹ́ tó mu ún, ẹ pe àwọn kílíníìkì kẹ́ ẹ tó fún un ní òmíràn. Ẹ má gbé e sórí fìríìjì o, ibẹ̀ máa ń gbóná, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí oòrùn ò dé ni.

ÌyáFìkáyọ̀

Orí fìríìjì gan-an ni mo gbé e sí bí mo ṣe ń kà yìí. Mo ti lọ gbé e kúrò. Tí wọ́n bá ní ká wá gba ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́sìtì yẹn ńkọ́, ṣé kó kọ́kọ́ lò ó?

Káyọ̀dé_Láàbù

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ná, kó tó lò ó, torí free T4 máa ń gòkè fún wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá mu ún. Ẹ gbé oògùn náà dání lọ, bí wọ́n bá ti yọ abẹ́rẹ́ tán kó gbé e mì níbẹ̀. Ẹ mú ìwé tẹ́ ẹ̀ ń kọ ìtọ̀ ẹ̀ sí dání pẹ̀lú, tí dipstick ẹ̀, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ bọ ìtọ̀ láti wo protein, bá ti jẹ́ negative (kò sí) tàbí trace (bíńtín) fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ fi han dókítà, ìyẹn ló máa jẹ́ kó mọ bóun ṣe máa ka TSH tuntun náà.